Ìwé Kọkànlá Tí Wọ́n Fi Pa Mọ́ Fún Mi

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé pírẹ́ṣọ̀ wà nínú ojú yín, ẹ̀yin ni mo jókòó sọ èyí fún. Mò ń sọ ọ́, Tósìn ọmọ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé bó bá yọ gbólóhùn kan ṣoṣo nítorí pé ó le jù, a máa jà. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kó máa rẹ́rìn-ín, kó sáà kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Iṣẹ́ ojú ni mo fi jẹun fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ilé ìtẹ̀wé kan wà ní Ìkòsì tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́, ìwé orin àti káléńdà. Èmi ni mo máa ń ka gbogbo ohun tí wọ́n bá tò kó tó wọ inú ẹ̀rọ. Bí àmì ohùn kan bá fò, èmi ni wọ́n máa bi. Bí wọ́n bá to ojú ìwé méjìlá, tí mẹ́rìnlá tẹ̀ lé e, èmi ni mo máa wá mẹ́tàlá jáde níbikíbi tó bá sá sí. Mummy Àṣìṣe ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, orúkọ náà sì dùn mọ́ mi, torí ojú mi mú.

Ohun tó kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ọ̀rọ̀ tó wà ní ìparí ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún mi. Ọ̀gá mi gbé ìwé orin kan wá bá mi lórí tábìlì, ó ní kí n wo apá ọ̀tún. Àṣìṣe mẹ́rin ló tò síbẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ èkejì, mi ò sì rí ìkankan nínú wọn nígbà tí mo kà á. Ó ní bóyá ó ti rẹ̀ mí ni, kí n lọ sinmi lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ra gíláàsì lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri ní Kétu, mo tún ra òmíràn tó nípọn jù ú lọ.

Lẹ́yìn náà ni èjìká ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í kọlu férémù ilẹ̀kùn, nínú ilé tí mo ti ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti ṣègbéyàwó. Ọ̀kadà kan fẹ́ẹ̀ gbá mi ní Alápẹ̀rẹ̀. Ẹni tó gùn ún bú mi dáadáa, kò sì jẹ̀bi, torí gbangba ló ti ń bọ̀. Ìyá Ṣàkírù, aládùúgbò wa ní Ìfákọ̀, ní mo ti ń gbéraga. Wọ́n ní àwọn kí mi láti ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò dáhùn, mo kàn gbé orí lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àìkí ènìyàn jẹ́ láàárín wa. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, wọ́n sì dárí jì mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì sí ibí yìí: kò dùn mí. Orí ò fọ́ mi, omi ò jáde lójú mi, ojú mi ò pọ́n. Àìsàn tó ń dunni ní ìtìjú, ó ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Èyí ò kan ilẹ̀kùn.

Ọkọ mi ló ní ká lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú. Ẹ máa rí i pé "ó" ni mo ń pe ọkọ mi nínú ìtàn yìí. Nílé, "wọ́n" ni mo máa ń pè é, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ẹ fi jì mí. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ máa mọ ìdí tí "wọ́n" kò fi lè jáde lẹ́nu mi lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdájí la débẹ̀, síbẹ̀ ìlà ti gùn. Kì í ṣe ènìyàn nìkan ló tò: bàtà wà lórí ìlà, ike omi wà níbẹ̀, òkúta tí ẹnìkan fi gba àyè ara rẹ̀ náà wà níbẹ̀, gbogbo wa sì ń bọ̀wọ̀ fún òkúta náà. Nígbà tí oòrùn ti ga ni wọ́n tó pín nọ́ńbà. Nọ́ọ̀sì kan sọ oògùn sí mi lójú kí dókítà lè rí inú rẹ̀, láti ìgbà yẹn ni gbogbo nǹkan ti ṣú fún mi bí ẹni tó wà nínú ooru ìkòkò. Wọ́n gbé àgbọ̀n mi lé ẹ̀rọ kan tó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, mo fò sẹ́yìn. Dókítà wo ojú kìíní, ó wo èkejì, ó tún padà sí èkíní. Ó wá bi mí pé ta ló bá mi wá. Mo ní ọkọ mi. Wọ́n pè é wọlé, nọ́ọ̀sì sì mú mi lọ́wọ́ jáde lọ jókòó lórí bẹ́ńṣì títí agbára oògùn yẹn yóò fi rọlẹ̀. Ẹ bá mi wò ó: èmi tí mo ni ojú wà níta, ẹni tí kò ni ojú wà nínú ilé.

Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó di apá mi mú.

"Pírẹ́ṣọ̀ ni. Wọ́n ní pírẹ́ṣọ̀ ló wà nínú ojú ẹ. Wọ́n ti fún wa ní oògùn tó o máa máa sọ sí i. Kò sí wàhálà, sáà má ronú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí mi.

Pírẹ́ṣọ̀ kan ṣoṣo la mọ̀ nílé wa, òun náà ni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ọkọ mi ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn ẹbí lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ ń kúrò nínú ọbẹ̀ mi. Aunty Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Kétu, kó aáyù dé, wọ́n ní kí n máa gbé eyọ mẹ́ta mì láàárọ̀. Wọ́n gbé omi ewúro dé, wọ́n gbé òróró tí wọ́n gbàdúrà sí dé, wọ́n ní kí n máa fi pa ìpéǹpéjú. Ẹnìkan nínú ẹbí ní omi ọmú abiyamọ ló dára jù fún ojú, ó sì ti bá abiyamọ kan sọ̀rọ̀. Èyí ni mo kọ̀. Wọ́n kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bí mi nínú. Bí NEPA bá mú iná lọ, ọkọ mi á yára sọ fún mi pé wọ́n ń bọ̀ wá dá a padà. Gbogbo ilé ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn lọ́dọ̀ mi, mo sì rò pé ìfẹ́ ni.

Lẹ́yìn oṣù kan àti díẹ̀, Aunty Rónkẹ́ mú mi lọ sí ilé oògùn kan nítòsí wọn. Wọ́n we aṣọ mọ́ mi lápá, ó wú, ó fún mi, ó rọ̀. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní pírẹ́ṣọ̀ mi dára ju tòun lọ. Aunty Rónkẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láàárín ilé oògùn náà, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n ní oògùn tí ara ò bá nílò mọ́, májèlé ló ń dà, kí n dá èyí tí mò ń sọ sójú dúró. Oògùn ọ̀hún ń ta mí bí ata, ẹ̀bẹ̀ ò pọ̀ kí n tó gbà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo sọ fún ọkọ mi pé mo ti dá a dúró, pé pírẹ́ṣọ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ fetí sí ibí yìí. Ó wò mí. Ó wá ní, "Ọlọ́run ló ṣe é." Ó mọ ohun tí dókítà sọ fún un, ó sì ní Ọlọ́run ló ṣe é. Oṣù márùn-ún gbáko ni mi ò fi kan oògùn yẹn.

Láàárín àkókò náà, ọ̀gá mi ní kí n wà nílé ná. Ìwé kíkà ti sú ojú mi. Bí mo bá ka ojú ìwé kan, àwọn lẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ẹni tó bá ti fi ìwé kíkà ṣe iṣẹ́ àti eré láti kékeré ló máa mọ ohun tí mò ń sọ. Káyọ̀dé, àbúrò mi tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kétu, ló wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ síìdì kékeré kan àti okùn etí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ló fi ránṣẹ́ láti òkè òkun, ìwé tí ènìyàn ń fetí kà: ẹnìkan ti jókòó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìwé mẹ́rìnlélógún ni, ìtàn kan náà ni gbogbo wọn, síìdì kan fún ìwé kan. Mo bi í pé ìtàn kí ni. Ó ní ìtàn ọkọ̀ tó ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Mo ní èmi tí mi ò tíì wọ bàálù rí, kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Ìwé kìíní ò tíì dé ìdajì tí mo fi gbàgbé ìrẹsì lórí iná.

Ọkọ̀ àtijọ́ kan ni, ó ń ru lẹ́tà láti ìràwọ̀ kan dé èkejì, gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ ẹni tí ibòmíràn ti lé jáde. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ wọn, orúkọ tó gùn tó sì le, nítorí náà mo sọ wọ́n lórúkọ tèmi. Ìyá Ọkọ̀ ni olórí wọn, obìnrin tí wọ́n yọ níṣẹ́ ológun nítorí pé kò gbà láti fi èrò sílẹ̀ sá. Sísí Ẹ̀rọ ló ń tún ọkọ̀ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ ò mọ́, ó máa ń jí nǹkan kéékèèké, á sì tún dá a padà kí ẹni tó ni ín tó mọ̀. Alásè wọn ò lè tọ́ nǹkan wò mọ́, ó máa ń bi gbogbo ènìyàn bóyá iyọ̀ tó. Èmi tí wọ́n ń fún ní ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, mo mọ ìyà tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ oníṣirò kan wà níbẹ̀ tí kò lè purọ́. Bí àwọn aṣọ́bodè bá ti ń bọ̀, wọ́n á gbé e lọ tì mọ́ ibi ìkó-ìgbálẹ̀-sí.

Ṣùgbọ́n ẹni tèmi ni Bàbá Atọ́nà. Bàbá arúgbó ni, òun ló ń tọ́ka ọ̀nà fún ọkọ̀. Wọ́n lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́ àwọn atọ́nà nítorí pé ó máa ń rí àṣìṣe nínú máàpù tí wọ́n ti tẹ̀, kò sì lè pa ẹnu mọ́. Ó ń fi ọwọ́ ya tirẹ̀. Ẹ rí i bí ọkàn mi ṣe fà mọ́ ọn? Mo ní bí wọ́n bá bí ọkùnrin yìí ní Ìkòsì, èmi àti ẹ̀ là bá jọ máa jókòó sórí tábìlì kan.

Ohùn ọkùnrin tó ń ka ìwé náà jinlẹ̀, ó ń yí padà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí inú bá ń bí Ìyá Ọkọ̀, kì í pariwo, ńṣe ló máa ń fa ọ̀rọ̀ rọra, èmi náà á jókòó gbọnrangandan lórí àga báńkónì. Mo ń gbọ́ ọ lọ́sàn-án nígbà tí àwọn ọmọ bá wà nílé ẹ̀kọ́, jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò ń dún, mo sì máa ń ṣe é bíi pé ẹ̀rọ ọkọ̀ náà ni. Ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń tún un sọ fún Tósìn. Ìyá Ṣàkírù pàápàá kó wọ inú ẹ̀, wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á bi mí pé, "Àwọn èèyàn yín tó wà lókè ńkọ́, ṣé wọ́n ti balẹ̀?" Mi ò tíì gbádùn nǹkan báyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ẹ̀kọ́ gírámà. Mo ń ṣàìsàn, inú mi sì ń dùn. Méjèèjì lè wà pa pọ̀.

Káyọ̀dé ń mú síìdì wá ní méjìméjì, ó ń kọ nọ́ńbà gàdàgbà sára wọn. Nígbà tí mo parí ìkẹwàá, ó mú èyí tó kọ kọkànlá sí wá. Mo fi sínú ẹ̀rọ. Ọkùnrin yẹn a máa kọ́kọ́ dárúkọ ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì ní, "Ìwé kejìlá."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Mo dá a padà síbẹ̀rẹ̀. Ìwé kejìlá. Mo jẹ́ kó máa lọ. Sísí Ẹ̀rọ ló jókòó lórí àga Bàbá Atọ́nà. Ìyá Ọkọ̀ fi ìkọ́ kan sára ògiri, fìlà bàbá náà ló wà lórí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo yọ okùn kúrò létí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wá ojú ìwé tó sọnù. Mo mọ̀ pé wọ́n ti yọ ọ̀kan.

Mo pe Káyọ̀dé. Ó ní síìdì kọkànlá ti ha. Mo ní kó mú un wá bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti sọnù. Mo ní èwo nínú méjèèjì, ṣé ó ha ni àbí ó sọnù? Mo ní kó máa bọ̀ nílé. Nígbà tó dé, kò jókòó. Ó fara ti ògiri bí ó ti máa ń ṣe láti kékeré bó bá ti jí ẹran jẹ.

"Sister mi, bàbá yẹn kú nínú ẹ̀ ni. Brother wa ní kí n má fún yín ní ohunkóhun tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ ronú."

Ọkọ mi ló ń pè ní brother wa. Mo bi í pé ìtàn lásán ni, kí ló kàn án bí mo bá ronú lórí rẹ̀? Ó ní nítorí pírẹ́ṣọ̀ ni. Mo ní ṣebí pírẹ́ṣọ̀ ti lọ sílẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí mi ò ní gbàgbé títí mo fi máa kú.

"Ẹ máa bínú. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, látìgbà tí dókítà ti sọ pé èyí tó ti lọ nínú ojú yín ò lè padà mọ́."

Èyí tó ti lọ. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Mo ní kí ni dókítà tún sọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, bí ọkọ mi ṣe sọ ọ́ fún un: pé bí mi ò bá máa lo oògùn yẹn lójoojúmọ́ títí láé, èyí tó kù náà á tẹ̀ lé èyí tó lọ, pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n padà wá. Mo ka oṣù lórí ìka mi níwájú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò bá a sunkún. Mo ní kó máa lọ.

Ọkọ mi ń fọ mọ́tò nínú ọgbà lọ́wọ́. Mo lọ dúró tì í, mo bi í ohun tí dókítà sọ nípa ojú mi. Ó bi mí pé ta ló bá mi sọ̀rọ̀.

"Daddy Tósìn, ojú ta ni?"

Mo tún bi í. Omi ń dà sílẹ̀ láti ẹnu rọ́bà tó dì mú. Ó wá ní òun ló bẹ dókítà pé kó má sọ fún mi, pé èmi máa ń ronú jù. Ó ní wọ́n sọ àìsàn tó ń ṣe bàbá òun fún bàbá náà lójúkojú, bàbá yíjú sí ògiri, kò jẹun mọ́, kò pé oṣù kan tó fi lọ. Ó ní ta ló máa sọ irú ẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀? Mo mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀. Mo bá wọn sin òkú náà. Ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe bàbá rẹ̀. Mo ní ọjọ́ tí mo sọ fún un pé mo ti dá oògùn dúró ńkọ́? Ó ní òun rò pé àdúrà ti gbà.

Àwọn àgbà ní ojú lọba ara. Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ó dùn mí ju àìsàn lọ. Bí ọ̀tá ló ṣe é, mà bá mọ ibi tí mo máa gbé ìbínú sí. Ẹni tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú ọbẹ̀ mi ni, ẹni tó ń fún mi ní omi tí mo fi ń gbé aáyù mì. Ó ń ṣètọ́jú àìsàn tí mi ò ní, ó sì jẹ́ kí èyí tí mo ní máa jẹun lọ. Gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ rìn lọ́dọ̀ mi yẹn, òkú ojú mi ni wọ́n ń ṣọ́. Aunty Rónkẹ́ ò mọ̀. Aáyù tiwọn, tọkàntọkàn ni. Tósìn náà ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi í.

Mo padà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú Tósìn. Dókítà mìíràn ni, obìnrin. Mo sọ fún un kó tó jókòó pé èmi ni mo ni ojú, èmi ni kó bá sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mummy, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru o. Omi inú ojú ni." Ó ní ó dà bí ibi ìfọwọ́ tí ihò rẹ̀ ti dí tí ẹ̀rọ omi ò sì dúró: omi ń ga, ó ń tẹ ohun tó wà lẹ́yìn ojú, ohun náà ń kú díẹ̀díẹ̀. Gulakómà ni wọ́n ń pè é. Ìṣẹ́jú méjì péré ló fi là á yé mi, ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi dù mí fún oṣù mẹ́fà. Mo bi í èyí tí oṣù márùn-ún ìsinmi oògùn gbà lọ. Ó wo ìwé àtijọ́, ó wo tuntun, kò purọ́ fún mi. Ojú ọ̀tún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ti òsì ṣì ń rí àárín, àìsàn ti jẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí omi lè rí ọ̀nà jáde, kì í ṣe kí n lè ríran sí i, kí n má bàa pàdánù èyí tó kù ni. Ẹ̀rù bà mí débi pé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ̀n mí, Tósìn ló mú mi lọ. Kọ ọ́ síbẹ̀, ọmọ mi. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó sì yọrí sí rere.

Nígbà tí mo dùbúlẹ̀ nílé tí wọ́n fi nǹkan bò mí lójú, Káyọ̀dé mú ìwé kọkànlá wá. Mi ò bá a sọ̀rọ̀, mo kàn na ọwọ́ gbà á.

Àìsàn mú Bàbá Atọ́nà. Gbogbo wọn nínú ọkọ̀ pinnu pé àwọn ò ní jẹ́ kó mọ̀. Wọ́n lọ ti ẹ̀rọ tí kò lè purọ́ yẹn mọ́lé nítorí bàbá, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún aṣọ́bodè. Ìyá Ọkọ̀ ló lọ ṣí i sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó gbé e wá síwájú bàbá, ó ní kó bi í ní ohun tó bá fẹ́ bi í. Ẹ̀rọ náà ní ogójì ọjọ́ ló kù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá bébà fún òun. Ogójì ọjọ́ yẹn ló fi ya gbogbo ọ̀nà tó mọ̀ fún Sísí Ẹ̀rọ, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi lè jókòó sórí àga rẹ̀. Nínú gbogbo ìwé mẹ́rìnlélógún, òun ló dùn jù. Òun ni wọ́n yọ.

Mo sunkún lábẹ́ báńdéèjì tí wọ́n ní kí n má sunkún. Ogójì ọjọ́ ni wọ́n fún bàbá yẹn, ó fi ṣiṣẹ́. Èmi ní oṣù márùn-ún, mo fi gbé aáyù mì. Bí mo bá mọ̀ ni, oògùn yẹn ì bá ta mí bí ata méjì, mà bá sọ ọ́ sójú. Mà bá ti lọ sí Ìjẹ̀bú lọ wo ojú ìyá mi dáadáa, títí tí wọ́n á fi ní kí ló ń ṣe mí. Mà bá ti tún àwọn ìwé kan kà.

Bí mo ṣe wà lónìí nìyí. Ojú ọ̀tún mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru, kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti òsì ń wo ayé gba inú páìpù. Bí ẹ bá dúró níwájú mi, mo rí imú yín, mo sì ní láti wá etí yín. Mi ò lè ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni mò ń sọ oògùn sójú, iyọ̀ sì ti padà sínú ọbẹ̀ mi. Mo ti gbọ́ ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún tán, mo ti tún bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi ṣì wà pọ̀. Ó ti tọrọ àforíjì, mo sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n bó bá sọ fún mi pé òjò ń rọ̀, mo máa ń na ọwọ́ síta kí n tó gbà.

Ẹ̀yin tó ń ṣàìsàn, ẹ wọlé fúnra yín. Ẹ má jókòó síta. Ẹ bi dókítà pé pírẹ́ṣọ̀ èwo. Ẹ̀yin ará ilé wọn, ẹ̀rù tó ń bà yín, tiyín ni, ẹ má fi ṣe ìtọ́jú ẹlòmíràn.

Dókítà obìnrin yẹn tún sọ nǹkan kan fún mi: àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí, kí gbogbo ọmọ ìyá mi wá yẹ ojú wò. Aunty Rónkẹ́ lọ, tiwọn mọ́. Káyọ̀dé ń sá fún un, ó ń sọ pé ọ̀la, ọ̀tunla, títí mo fi wọ aṣọ mi ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A jọ lọ ni. Ó ní kí n bá òun wọlé. Dókítà sọ ọ́ fún un lójúkojú: ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ojú méjèèjì, ṣùgbọ́n ó tètè wá, bó bá di oògùn mú ó lè ríran dọjọ́ ogbó. Ó gbọ́ ọ, ó bi í ní ìbéèrè méjì, ó dúpẹ́.

A ti dé ẹnu géètì ilé ìwòsàn kó tó sọ̀rọ̀.

"Sister mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún Bùkọ́lá. Ó lóyún. Kò gbọdọ̀ ronú."

Mo ní kó fún mi ní fóònù rẹ̀. Mi ò rí àwọn orúkọ tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà mo ní kó tẹ ti ìyàwó rẹ̀ fún mi. Ó rò pé mo fẹ́ kí i ni, ó tẹ̀ ẹ́. Mo gbé e sétí títí mo fi gbọ́ ohùn Bùkọ́lá tó ní "Ẹ̀lóò". Mo wá ọwọ́ Káyọ̀dé kàn, mo fi fóònù náà sínú rẹ̀.

"Ó ti gbé e," mo ní. "Sọ fún un."